Okùn Pupa Kan

Àwa mẹ́rin la jọ ń kọ kóòdù nínú ọ́fíìsì oníyàrá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, kò sì sí ẹyọ kan nínú wa tó mọ lúwẹ̀ẹ́. Omi wo la tiẹ̀ mọ̀ ní Alímòṣọ́? Omi kànga, àti àgbàrá tó máa ń dí ọ̀nà Ìkòtún tí òjò bá ti rọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀kan nínú wa pé ọmọ ọdún márùndínlógójì, a dáwó jọ, a háyà ọkọ̀ ojú omi aláfẹ́, èyí tó ní yàrá nísàlẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì méjì lẹ́yìn, pé kó gbé wa láti Victoria Island lọ sí etíkun Ìlàṣẹ.

Kápútéènì pín láífù-jákẹ́ẹ̀tì fún wa. Òfin ni; LASWA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi Èkó láti 2008, kò gbà kéèyàn wọkọ̀ láìwọ̀ ọ́. Ọlọ́jọ́-ìbí ní òun ò lè fi í bo aṣọ tuntun òun, nítorí fọ́tò. Ó jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì nísàlẹ̀. Kápútéènì wò ó, kò sọ̀rọ̀. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀. Àwa náà ńkọ́? Ẹ̀rín la rín. Àwa yìí kan náà la jókòó ní ọ́fíìsì lóṣù kẹrin 2024, nígbà tí Junior Pope kú sínú odò Ọya, tí a ń jiyàn nípa láífù-jákẹ́ẹ̀tì bí ọ̀jọ̀gbọ́n.

A ti jáde ní Five Cowrie Creek, a ti bọ́ sójú omi gbalasa tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà lọ sí Àpápá, nígbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ké: píì, píì, píì. Iṣẹ́ wa ti jẹ́ ká mọ irú ohùn bẹ́ẹ̀. Kì í mú ire wá. Kápútéènì pa ẹ́ńjìnnì ọ̀tún, ó sì sáré dìde. Lójú ẹsẹ̀ ni ti òsì náà kú.

Ẹ má rò pé ọkọ̀ dúró o. Omi ló ń gbé wa lọ. Lọ́ọ̀ọ́kán, ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ láti òkun, ó ga ju ilé alájà mẹ́fà lọ, irú wọn kì í sì í rí búrééki tẹ̀ bíi dáńfó.

"Sọ ìdákọ̀ró sómi!" ni kápútéènì kígbe sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé rédíò, ó sọ ibi tí a wà lórí channel 16, tí gbogbo ọkọ̀ ń tẹ́tí sí. Ìgbà tí ọkọ̀ wa dúró tán ló tó kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Àwa ì bá ti kọ́kọ́ tú ẹ́ńjìnnì wò, torí bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe pẹ̀lú sáfà, tí àwọn kọ́sítọ́mà á máa pariwo.

Ó gbé ẹ́ńjìnnì ọ̀tún sókè. Ẹ́ńjìnnì yìí máa ń fa omi mu láti fi tu ara rẹ̀. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló lẹ̀ mọ́ ẹnu ibi tó ti ń fà á. Ó yọ ọ́. Ó ṣíná, kò dáhùn. Ti òsì, kò dáhùn.

Ọlọ́jọ́-ìbí ti sáré mú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè de ìdè rẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́rin wà nílé rẹ̀ ní Ìgàndò. Àwa la bá a dè é.

Ìbéèrè kan ṣoṣo la ní lọ́ọ́fíìsì: kí ló yí padà kẹ́yìn? Ìgbà tí kápútéènì dìde ni. A wò ó láti òkè délẹ̀.

"Kápútéènì, ẹ má bínú, okùn pupa tó ń fì ní bẹ́líìtì yín yẹn, ibo ló yẹ kó wà?"

"Háà!"

Okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì bí awakọ̀ bá ṣubú sómi ni. Ó ti já kúrò lójú rẹ̀ nígbà tó sáré dìde. Ó kì í bọ ibẹ̀ padà, ẹ́ńjìnnì méjèèjì sì bú ramúramù.

Fọ́tò márùn-ún péré la yà ní Ìlàṣẹ. Nínú gbogbo wọn, jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn ló bo aṣọ tuntun. Ìyàwó rẹ̀ béèrè ìdí. Ó ní òtútù ló mú òun.