Kámẹ́rà Tí Mo Rà Nítorí Ìyá Mi

Nígbà tí bàbá mi re ibi àgbà ń rè ní Òkìtìpupa, a wá àwòrán wọn títí, a kò rí ẹyọ kan. Nítorí náà ni mo ṣe ń tu owó jọ, kí ti ìyá mi má baà rí bẹ́ẹ̀.

Ní Computer Village, Ìkẹjà, ọmọ ìsọ̀ kan gbé kámẹ́rà kékeré tuntun lé mi lọ́wọ́: "Ọ̀gá, mẹgapíksẹ́lì 20 ni!" Èkejì jẹ́ tòkunbọ̀, Canon EOS 1100D ti ọdún 2011, 12 péré ni tirẹ̀. Ọkàn mi fà sí 20. Ṣùgbọ́n ohun tí ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú tòkunbọ̀ náà fi ìlọ́po mẹ́wàá tóbi ju ti kékeré lọ, ìdí ààrò púpurù tí ìyá mi ń jókòó sí sì ṣókùnkùn. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bóyá dígí rẹ̀ ti bu, mo ya àwòrán wò, mo sanwó.

Nígbà tí ìyá mi rí ara wọn, wọ́n ní: "Ọmọ mi, bí mo ti darúgbó tó nìyí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ wo ibi tí ẹ ó ti lò ó kí ẹ tó ka nọ́ńbà ara páálí.