Wọ́n Ti Ṣe Fídáù Rẹ̀ Kó Tó Dé

Iná mànàmáná ti lọ ní Niamey láti ìrọ̀lẹ́. Oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni. Àwọn sójà ti gba ìjọba lọ́wọ́ Mohamed Bazoum ní ọjọ́ 26 oṣù keje, ẹgbẹ́ ECOWAS ti fi ìyà jẹ orílẹ̀-èdè Niger, Nàìjíríà ti ti ẹnubodè rẹ̀ pa, ó sì ti já iná tó ń tà fún wọn. Ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ ń wá epo kiri; ẹni tí kò ní jókòó síta, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Nínú àgbàlá kan tí kò jìnnà sí ọjà Katako, bàbá oníṣòwò aṣọ kan, ọmọ bíbí Ògbómọ̀ṣọ́, jókòó lórí ẹní, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó tì í. Fóònù kan ṣoṣo ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú àwọn méjèèjì. Fíìmù ni wọ́n ń wò.

Bàbá náà fẹ́ràn fíìmù Íńdíà láti ìgbà èwe rẹ̀. Ní àwọn ọdún tó kọ́kọ́ dé Niamey, bí wọ́n bá fi irú rẹ̀ hàn ní sinimá, Haúsá, Zarma àti Yorùbá ni yóò jọ rọ́ wọlé. Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn a máa sunkún níbi tó yẹ kí wọ́n sunkún. Ti alẹ́ ọjọ́ yìí yàtọ̀ díẹ̀. Èdè Bẹ̀ǹgálì ni wọ́n fi ṣe é, Srijit Mukherji ló darí rẹ̀, ó jáde ní ọdún 2018, ó sì gba ẹ̀bùn ìjọba Íńdíà gẹ́gẹ́ bí fíìmù Bẹ̀ǹgálì tó dára jù lọ́dún náà. Ek Je Chhilo Raja ni orúkọ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àlọ́ nílé: ọba kan wà nígbà kan. Ìlọrin ni ọmọbìnrin náà ti ń kàwé. Ìsinmi ló bá wá kí ẹnubodè tó tì mọ́ ọn. Ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀ fíìmù, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún bàbá rẹ̀ àgbà.

Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ṣe fíìmù náà yí orúkọ ọba àti ti ìlú padà. Ní Bhawal, lẹ́bàá ìlú Dhaka tó wà ní Bangladesh lónìí, ìdílé kan wà tó ní ilẹ̀ tí ojú kò lè rí òpin rẹ̀, tí wọ́n sì ń pe olórí wọn ní Raja. Ọmọkùnrin mẹ́ta ló jogún ilẹ̀ náà. Èkejì, Ramendra Narayan Roy, jẹ́ ọlọ́dẹ àti aláfẹ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ka ìwé sí. Ní ọdún 1909, ara rẹ̀ kò yá, òun àti ìyàwó rẹ̀, Bibhabati, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ìyàwó náà lọ sí Darjeeling níbi tí òkè wà tí atẹ́gùn sì tutù. Ní oṣù karùn-ún, ìròyìn dé ilé pé ó ti kú, pé wọ́n sì ti sun òkú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn Híńdù. Ọ̀dọ́ ni. Ìyàwó rẹ̀ di opó. Láàárín ọdún díẹ̀ àwọn arákùnrin rẹ̀ méjèèjì náà kú, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gba àkóso ilẹ̀ náà.

Ọdún bíi méjìlá kọjá. Alágbe ẹlẹ́sìn kan tó fi eérú para, tí irun rẹ̀ ti lọ́ pọ̀, wá jókòó sí etí odò ní Dhaka. Ẹnìkan wò ó, ó ní ojú yìí jọ ojú kan. Ariwo bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Ramendra obìnrin, Jyotirmayi, obìnrin náà sì wo ojú rẹ̀, ó wo ọwọ́, ó wo ẹsẹ̀, ó wo bó ṣe ń jẹun. Ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 1921, níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn, ó ní òun ni Ramendra. Wọ́n bi í pé kí ni orúkọ obìnrin tó fún un lọ́mú nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ó dá orúkọ náà. Àlàyé tó ṣe ni pé òjò ńlá ló tú àwọn tó fẹ́ sun òun ká lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn alágbe ẹlẹ́sìn ló rí òun he, iyè òun sì ti ra, òun kò rántí ilé mọ́ fún ọdún pípẹ́.

Kò pé oṣù kan tí ìjọba fi kéde pé ẹlẹ́tàn ni. Ọkùnrin náà gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ ní ọdún 1930. Ẹlẹ́rìí tó lé ní 1,500 ló sọ̀rọ̀ fún tọ̀tún-tòsì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1936, adájọ́ Pannalal Basu ní òun ni Ramendra lóòótọ́. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Calcutta, adájọ́ méjì nínú mẹ́ta dá a láre. Wọ́n gbé e dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyẹn ibi tí ẹjọ́ gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ń parí sí nígbà náà. Yorùbá mọ ilé ẹjọ́ yẹn dáadáa: níbẹ̀ ni wọ́n gbé ọ̀ràn Ẹṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ dé lẹ́yìn tí ìjọba yọ ọ́ lóyè tí wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́ ní ọdún 1925, ìdájọ́ wọn ní ọdún 1931 ló sì ṣínà fún un láti padà sí Èkó. Ti Bhawal parí ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 1946. Ọkùnrin náà jàre. Kò lò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà tó fi kú.

Ibi tí bàbá ti ní kí ọmọ-ọmọ òun dá fíìmù dúró kò dé ìdájọ́ rárá. Níbi tí àwọn agbẹjọ́rò ti ń jiyàn lórí àpá ara ọkùnrin náà ni. Ramendra ní àpá kan ní ẹ̀gbẹ́ kókósẹ̀ òsì, táyà kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ló gùn ún níbẹ̀. Alágbe náà ní àpá kan níbẹ̀ pẹ̀lú.

"Dá a dúró ná."

"Bàbá, ṣé ó ti rẹ̀ yín ni?"

Kò dá a lóhùn. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú ìmọ́lẹ̀ fóònù. Àpá kan wà ní kókósẹ̀ náà, ó gùn tó ìka ọwọ́, ó ń dán bí awọ tí wọ́n ti fi òróró pa. Ọmọbìnrin náà ti ń rí i láti kékeré, kò sì bèèrè rí.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni bàbá náà nígbà tí bàbá tirẹ̀ gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ológeere ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì há sáàárín irin táyà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àbúrò bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Tamale, ní àríwá Ghana, níbi tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ sí tí wọ́n ń ṣòwò. Níbẹ̀ ló wà ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn àgbà tó la ọjọ́ wọ̀nyẹn kọjá kì í fẹ́ sọ ọ́ tán. Ilé tí wọ́n kọ́, ọjà inú ṣọ́ọ̀bù, gbèsè tó wà lọ́wọ́ oníbàárà, ojú kan náà ni gbogbo rẹ̀ wà tí wọ́n fi sá. Wọ́n ti rán ọmọkùnrin náà lọ gba gbèsè ní Bolgatanga. Kó tó padà dé, ọkọ̀ akẹ́rù ti gbé àwọn ará ilé rẹ̀ lọ. Ó bá oníṣòwò obì kan tó jẹ́ Haúsá lọ sí Ouagadougou, láti ibẹ̀ ó dé Niamey. Àbúrò bàbá rẹ̀ kú lójú ọ̀nà. Àwọn ará ilé gbà pé ọmọ náà ti bá a lọ, wọ́n ṣe fídáù fún àwọn méjèèjì pa pọ̀.

Ó yẹ kó kọ lẹ́tà. Bàbá náà fúnra rẹ̀ kò jiyàn èyí. Kò mọ̀wé, kò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ọwọ́ òfìfo lòun ní. Ọdún kan di ọdún márùn-ún, ọdún márùn-ún di ogún. Ní ọdún 1991 ló wọ Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ Zarma. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀ wà láàyè. Obìnrin náà kò wo ojú rẹ̀, kò sì bi í ní orúkọ. Ó ní kó bọ́ bàtà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn nígbà yẹn, kò sì sẹ́ni tó gbó o lẹ́nu. Ìyá kú ní ọdún 1998. Ní ọdún 2023 ni àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀, ọmọ bàbá kan náà, ní àwọn fẹ́ pín ilé. Ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp kò fi bò: ìyá tó ń sunkún ọmọ láti ogún ọdún, ta ni kò lè fi ojú ṣe ọmọ fún un? Ilà ojú rẹ̀ kọ́? Gọ̀ǹbọ́ kún Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́. Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì nìyí, bí Haúsá ló ń sọ ọ́. Wọ́n dá ọjọ́ ìpàdé sí oṣù kẹsàn-án. Bó bá jẹ́ ọmọ ilé, kó wá.

Ó yẹ kí a ṣe ẹ̀tọ́ fún wọn. Ọmọdé ni wọ́n ní 1991. Àlejò tó ń fi ọdún méjì méjì wá, tó ń kó aṣọ àti ẹran gbígbẹ dání, ni wọ́n mọ̀. Ilé náà sì ti di ojú títì báyìí.

Èyí tó dun bàbá náà jù ni ti ahọ́n. Nígbà tí ọmọbìnrin náà tún ṣí fíìmù náà, ó wá kan ohun kan náà: wọ́n ní alágbe yìí ń sọ Híńdì, pé Bẹ̀ǹgálì kò yọ̀ lẹ́nu rẹ̀, pé ará Punjab ni. Adájọ́ gbà pé ẹni tó bá àwọn ẹlòmíràn gbé fún ọdún méjìlá lè máa sọ̀rọ̀ bíi tiwọn. "Ọdún méjìlá péré!" ni bàbá wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Àádọ́ta ọdún ó lé ni tirẹ̀.

Ó bi ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé ìyàwó ọba náà ńkọ́, ṣé ó padà gbà?

"Rárá, Bàbá. Títí tó fi kú, ó ní ọkọ òun kú ní Darjeeling."

"Adájọ́ ní òun ni?"

"Wọ́n ní òun ni."

"Kò ṣáà gbà."

Ẹnubodè kò ṣí ní oṣù kẹsàn-án. Àwọn ará ilé sún ìpàdé síwájú, bóyá nítorí àánú, bóyá nítorí pé àwọn fúnra wọn kò tíì fẹnu kò. ECOWAS gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí Niger ní oṣù kejì ọdún 2024, Nàìjíríà sì ṣí ẹnubodè ní oṣù kẹta. Bàbá àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀.

Ìpàdé náà kò gùn. Ìyàwó ilé kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù nínú àwọn tó wà láyé nígbà tí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ṣẹlẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti di bàìbàì. Àwọn ọmọ ní kó bi ọkùnrin náà pé ta ló ni kẹ̀kẹ́. Ó ní rárá, ìyẹn ni ẹnikẹ́ni lè gbọ́ lẹ́nu ìyá. Ó bi í pé nígbà tí wọ́n ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ, kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò gbà kó bọ́. Bàbá náà dákẹ́ pẹ́. Àwọn kan ti ń dìde.

"Ìrèké," ló wí, pẹ̀lú ohùn Haúsá rẹ̀ yẹn.

Ìyá náà ní òun ló ra ìrèké yẹn fún un.

Wọ́n fún un ní yàrá méjì lẹ́yìnkùlé, níbi tí ìyá rẹ̀ ń gbé. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ náà kò jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sì tíì pè é ní bàbá títí di òní. Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà ní Niamey báyìí, ó so rọ̀ mọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé gbèsè nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin náà ti padà sí Ìlọrin.