Owó Ìwé Jósẹ́fù

Ẹ̀yin ará tí ẹ ti ṣí kúrò ní Aduwawa lọ sí Kánádà àti Ìlú Ọba, ẹ̀yin lẹ fi owó tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ránṣẹ́, ó sì yẹ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n pijin ni wọ́n fi ń ṣeré. Mo rò pé tí a bá fi àwòrán ṣe ìtàn Jósẹ́fù, tí Yorùbá wà lẹ́nu àwọn èèyàn inú rẹ̀, wọn á kà á. Ojú-ewé 24 ni, ẹ sì dá ₦240,000 jọ. Wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ń pè mí ní Mummy, ó fi àwòrán mẹ́ta tó rẹwà hàn mí lórí fóònù. Mo san gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojú tì mí láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ọmọ Ọlọ́run.

Ojú-ewé mẹ́rin péré ló dé. Ọwọ́ tó yà wọ́n kì í ṣe ọwọ́ tó ya ti orí fóònù. Lẹ́yìn ìyẹn, "Mummy, ó di ọ̀la," títí a kò fi rí i pè mọ́. Ibi tí àwọn ẹ̀gbọ́n Jósẹ́fù ti jù ú sí kòtò ni ojú-ewé kẹrin parí sí. Ọmọ ọdún méje kan ń bi mí ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi pé, "Anti, ṣé wọ́n ti yọ ọ́?"

Ìgbìmọ̀ kò bá mi wí, èyí gan-an ló dùn mí. Nígbà tí àjọ kàn mí, mo fi dí ihò náà.

Ìgbà yẹn ni mo tún ka Jeremáyà orí 32. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ní kí wòlíì ra ilẹ̀ Ánátótì, ọmọ arákùnrin bàbá rẹ̀ ló sì tà á fún un. Síbẹ̀ ó wọn ṣékélì 17, ó kọ ìwé, ó fi èdìdì dì í, ó pe ẹlẹ́rìí, ó ní kí Bárúkù kó o sínú ìkòkò amọ̀. Èmi tí n kì í ṣe wòlíì, n kò gba rìsíìtì lọ́wọ́ àjèjì.

Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kan ní Ugbowo ni mo lọ lẹ́yìn náà. Mo ní kó yàwòrán lójú mi. Ó ya màlúù Fáráò tó rù. Tọjà Aduwawa sàn jù ú lọ. Òun ló kọ́kọ́ gbé ìwé àdéhùn síwájú mi, inú sì fẹ́ bí mi. Ó ní, "Mummy, ẹ má bínú, wọ́n ti jẹ owó iṣẹ́ mi rí." N kò rò ó rí pé ẹ̀rù lè máa ba ayàwòrán pẹ̀lú. Ní 1938, Jerry Siegel àti Joe Shuster gba 130 dọ́là fún Superman, ó sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fọwọ́ síwèé o. Nítorí náà ẹ ka ìwé kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ìdá mẹ́ta owó ni mo san sílẹ̀. Ìdá kejì di ìgbà tí mo bá rí gbogbo ojú-ewé ní pẹ́ńsù, torí pé orí pẹ́ńsù ni àtúnṣe ti rọrùn. Ibẹ̀ ni mo ti rí Pọ́tífárì tó kó iyùn sọ́rùn bí ìjòyè Bìní. A rẹ́rìn-ín, ó pa á rẹ́. Ká ní ó ti kùn ún ni, owó mìíràn nìyẹn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé mo rò pé ẹni tó sanwó ló ni àwòrán. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022 kò sọ bẹ́ẹ̀: ẹni tó yà á ló ni ín, àfi tí ìwé àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Nítorí náà a kọ ọ́ pé tirẹ̀ ni àwòrán, ṣùgbọ́n ìjọ lè tẹ iye tó bá wù ú fún ẹ̀kọ́, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí yín lọ́hùn-ún.

N kò ní ìkòkò amọ̀. Agolo bisikíìtì tí mò ń kó abẹ́rẹ́ àti òwú sí ni ẹ̀dà tèmi wà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo sọ fún ọmọ ọdún méje náà pé Jósẹ́fù ti jáde nínú kòtò, àwọn ará Íṣímáẹ́lì ti gbé e gun ràkúnmí. Ó wò mí. "Anti, wọ́n ti tà á nìyẹn?"