Ọ̀rọ̀ Ìdí Òfì

Níbi tí ọwọ́ púpọ̀ bá ti ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ẹnu kì í pẹ́ kí ó tó là. Ní àwọn agboolé Èkìtì tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwárà, láti Òsì títí dé Ìlọ́fà àti Odò-Ọwá ní agbègbè Òkè-Ẹ̀rọ̀, ìdí òfì ni irú ibi bẹ́ẹ̀ fún àwọn obìnrin ní ayé àtijọ́. Òfì ọkùnrin a máa nà gbọọrọ sórí ilẹ̀, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìbú rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni ó sì máa ń ti inú rẹ̀ jáde. Òfì obìnrin kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣe ni ó máa ń dúró lóòró, tí yóò fẹ̀yìn ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ahunṣọ yóò sì jókòó síwájú rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ fẹ̀, ó sì nípọn. Bí a bá rán abala méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, ó ti di ìró. Òun ni wọ́n ń pè ní kíjìpá.

Òwe kan sọ pé kíjìpá ni aṣọ ọ̀lẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé kì í tètè gbó. Ẹni tí ó bá ní ẹyọ kan lè jókòó ti iṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó nílò òmíràn. Ọ̀lẹ lè wọ̀ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ kò lè hun ún. Wọn yóò ká òwú lóko, wọn yóò yọ kóró inú rẹ̀, wọn yóò gbọ́n ọn kí ó lè fúyẹ́, wọn yóò sì ran án títí yóò fi di fọ́nrán. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ ní dúdú, ewé ẹ̀lú ni wọn yóò gún, tí wọn yóò rẹ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n tó máa ri òwú bọ inú aró, tí wọn yóò sá a, tí wọn yóò sì tún un rì. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ ta òwú sórí òfì. Ahunṣọ yóò wá máa fi òwú ìdábùú gba àárín òwú òró kọjá, yóò sì máa fi apásà, igi pẹlẹbẹ tí ó dà bí idà, lù ú kí ó le. Iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ni.

Irú iṣẹ́ yìí gba ọwọ́ àti ojú, ṣùgbọ́n kò gba etí, kò sì gba ẹnu. Nítorí náà ni ìdí òfì kì í fi í dá. Ẹni tí ó ń ran òwú yóò gbé àpótí rẹ̀ wá síbẹ̀. Ẹni tí ó ń fún ọmọ lọ́mú yóò wá. Arúgbó tí ojú rẹ̀ kò ríran hun aṣọ mọ́ yóò wá jókòó, yóò máa sọ fún àwọn tí ó ń hun ún pé wọn kò hun ún dáradára.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ni ó máa ń ṣáájú: èyí tí ó hu eyín, èyí tí ó ń fi ọgbọ́n sá fún oko, èyí tí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí kò fẹ́ jẹ oúnjẹ àná mọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ọkọ, pàápàá ọkọ tí ó lọ ṣòwò ní Gánà, tí lẹ́tà rẹ̀ pọ̀ ju owó rẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú àwọn Yorùbá tí ó wà lọ́hùn-ún kò padà wálé títí àṣẹ tí ìjọba ilẹ̀ náà pa ní ọdún 1969 fi lé wọn dé. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn: ewúrẹ́ tí ó wọ ilé onílé, ológìnní tí ó fi eku sílẹ̀ tí ó lọ jí ẹja, adìẹ tí ó yé ẹyin sínú igbá òwú.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni ọ̀rọ̀ ẹran yìí. Nínú agboolé, obìnrin kì í sábà dojú ọ̀rọ̀ kọ ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́. Ó lè ra ajá, kí ó sì sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. Nígbàkígbà tí ó bá ń pe ajá yìí wá jẹun, ẹni tí ó ń fi ọlá yangàn ní ojúlé kejì ti gbọ́ ìkìlọ̀ tirẹ̀, kò sì sí ìjà, nítorí pé ajá ni wọ́n pè. Ohun tí àwọn olùkọ́ ń pè ní ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ àti àrokò nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ìdí òfì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọbìnrin ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ̀dà kò lè gbé. Ní agboolé kan ní Òsì, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960, nígbà tí ìlú náà ṣì wà lábẹ́ Ẹkùn Àríwá, ìyàwó kékeré kan pàdánù ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Àwọn aládùúgbò wá kí i. Gbólóhùn kan náà ni gbogbo wọn sọ: omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Ọ̀rọ̀ rere ni, ọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ọjọ́ karùn-ún, kò sí ìtùnú kankan tí ó kù nínú rẹ̀ fún ìyá ọmọ. Omi tí ó dànù yẹn ní orúkọ. Ó ti ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí oṣù kan kọjá, Yèyé, ìyá ọkọ rẹ̀, pè é wá sí ìdí òfì. Àwọn ìyálé méjì wà níbẹ̀. Ọ̀já ìpọnmọ tí abiyamọ kan láti agboolé kejì bẹ̀ wọ́n ni ó wà lórí òfì. Ìyálé àgbà wo Yèyé lójú bí ẹni tí ó fẹ́ rán an létí nǹkan. Yèyé kò wò ó. Ó na apásà sí ìyàwó rẹ̀.

“Adìẹ mi yẹn tún ti kọ ẹyin rẹ̀ sílẹ̀,” ni ìyálé kejì wí. Ó sọ ọ́ tán kí ó tó mọ ohun tí ó sọ. Ó yára sá lọ bá ọ̀rọ̀ mìíràn. “Ewúrẹ́ Yèyé sì tún jẹ èlùbọ́ tí mo sá sórí àpáta.”

“Kì í ṣe ewúrẹ́ mi,” ni Yèyé dáhùn. “Ewúrẹ́ tèmi ní ìtìjú.”

“Ìtìjú kẹ̀? Yèyé, funfun funfun ni gbogbo irùngbọ̀n rẹ̀!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ètè ìyàwó kékeré, kò kàn débẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tún rọlẹ̀. Apásà ń dún, gbà, gbà. Nígbà tí ó pẹ́, Yèyé tún fọhùn, ojú rẹ̀ sì wà lára òwú tí ó ń ran.

“Méjì ni mo sin kí ọkọ rẹ tó dúró.”

Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. “Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sunkún, kí èyí tí ń bọ̀ má baà gbọ́ kí ó padà. Ìdí òfì yìí ni mo ti sun ún. Ìyá ọkọ mi ni ó ń lu apásà kí àwọn ará ìta má baà gbọ́ ohùn mi.”

Nígbà náà ni ìyàwó kékeré bú sẹ́kún. Ìyálé àgbà gba apásà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń lù ú, ó ń lù ú ju bí aṣọ ṣe fẹ́ lọ. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ omi, kò sí ẹni tí ó dárúkọ agbè. Nígbà tí ọ̀já náà parí, ìyàwó kékeré fúnra rẹ̀ ni ó gbé e fún abiyamọ tí ó ni ín. Ó bi í pé, “Kí ni orúkọ ọmọ?”

Ọ̀já irú èyí wà nínú ère àwọn ọmọ agbègbè yìí pẹ̀lú, nítorí pé abiyamọ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwòrán orí ère Ẹpa. Òsì ni ìlú Aréògún, agbẹ́gilére tí ó kú ní ọdún 1954, àti Bándélé ọmọ rẹ̀, tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọnà tí àlùfáà Kevin Carroll àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní ọdún 1947, tí ó sì kọ́ Làmídì Fákẹ́yẹ ní iṣẹ́ níbẹ̀. Odò-Ọwá ni ìlú Bámigbóyè, tí ó kú ní ọdún 1975, tí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà sì ṣe àfihàn ńlá nípa iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2022. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé àkójọ-ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé, orúkọ ẹ̀yà tàbí ti ìlú nìkan ni ó sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ. Orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ọ̀já sára igi wà; orúkọ ẹni tí ó hun ún ti sọnù.

Kò pọn dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ní Gee's Bend, ìletò kan ní Alabama, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n jẹ́ àtìrandíran àwọn ẹrú ń gé aṣọ iṣẹ́ tí ó ti gbó, wọ́n sì ń rán an pọ̀ di aṣọ ìbora fún òtútù. Wọ́n a máa pé jọ rán an, wọ́n a máa sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1942, obìnrin kan níbẹ̀, Missouri Pettway, fi aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ tí ó kú rán aṣọ ìbora, kí ó lè máa fi rántí rẹ̀, kí ó sì máa fi bora. Nígbà tí wọ́n kó iṣẹ́ àwọn obìnrin yìí lọ sí àfihàn ní Houston ní ọdún 2002, wọ́n kọ orúkọ wọn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà Òsì jìn sí Alabama, ṣùgbọ́n ìyàwó kékeré àti opó yẹn ìbá gbọ́ ara wọn yé. Àwọn méjèèjì ni wọ́n gbé ìbànújẹ́ wọn fún ọwọ́ kí ó bá wọn gbé e.

Lónìí, àǹkárá àti aṣọ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti gba ipò kíjìpá, àwọn ọmọ sì ti lọ sí Ìlọrin àti Èkó. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi èyí dá wọn lẹ́bi. Iṣẹ́ òwú le, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ohun tí ó yẹ ní ríronú sí ni ibi tí ọ̀rọ̀ gbà lọ nígbà tí òfì kúrò nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo kì í fẹ́ kí a tẹjú mọ́ òun. Ó ń fẹ́ kí ojú wà lára iṣẹ́, kí etí nìkan ṣí sílẹ̀. Yèyé kò lè sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ó bá jókòó síwájú ìyàwó rẹ̀ lórí àga. Òwú ni ó jẹ́ kí ó lè sọ ọ́.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ bá rán lọ gbọ́ ìtàn lẹ́nu ìyá àgbà, kí ó má kàn mú ìwé àti kálámù dání kí ó wá máa bi í ní ìbéèrè. Kí ó bá a jókòó ti igbá ẹ̀gúsí, kí wọ́n jọ máa bó o. Kí ó béèrè nípa àwọn adìẹ rẹ̀. Kí ó sì ní sùúrù.