Bí Mo Ṣe Kọ́ Láti Dá Idẹ Àtijọ́ Mọ̀

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ní London ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń dá owó ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́ mọ̀. Bí omi odò Thames bá fà, nǹkan tó ti rì láti ayébáyé máa ń yọ nínú ẹrẹ̀ etí odò. Àwọn tó gba ìwé àṣẹ láti ṣà wọ́n ló ń kó wọn wá bá ọ̀gá mi. Ẹ̀kọ́ kìíní tí wọ́n kọ́ mi ni pé lẹ́tà là ń wò gbẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Bí o bá kọ́kọ́ kà á, ohun tó wà lọ́kàn rẹ lo máa rí kà. Jẹ́ kí ọwọ́ àti ojú kọ́kọ́ ṣiṣẹ́."

Pélébé kan wà tí mo fi kọ́ gbogbo ètò náà látòkèdélẹ̀. Ó rí roboto, ó fẹ́lẹ́, ìdábùú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 22. Nígbà tí mo gbé e lé òṣùwọ̀n, kò tó gíráàmù 2. Ọ̀gá mi ò jẹ́ ká fi nǹkan ha ìpẹtà ara rẹ̀, torí ẹni tó bá ha ìpẹtà lè ha lẹ́tà mọ́ ọn. Etí rẹ̀ kan tó ti dán fi àwọ̀ rẹ̀ hàn: idẹ ni. Fàdákà tàbí wúrà ni wọ́n fi ń rọ owó tó níyì láyé ìgbà yẹn, nítorí náà a ti ń fura pé kì í ṣe owó.

Ó wá kan àwòrán. Ọ̀gá mi ní kí n gbé iná wá sí ẹ̀gbẹ́, kó má ṣe wà lókè, kí òjìji lè gbé ohun tó ti parẹ́ jáde. Lójú kan, adé mẹ́ta àti òdòdó lílì mẹ́ta tò yí òdòdó róòsì ká. Lójú kejì, bọ́ọ̀lù kan wà tí àgbélébùú dúró lórí rẹ̀, àmì àṣẹ olú-ọba. Ìgbà yẹn ni mo tó ka lẹ́tà, mo sì ti mọ̀ pé V ni wọ́n ń kọ dípò U: HANNS KRAVWINCKEL IN NVR. Lẹ́yìn rẹ̀: GOTES SEGEN MACHT REICH, ìyẹn ni pé ìbùkún Ọlọ́run ló ń sọni di ọlọ́rọ̀.

Nuremberg, ní Jámánì, ni wọ́n ti rọ ọ́. Ọ̀gá alágbẹ̀dẹ tó fi orúkọ rẹ̀ sí i ṣiṣẹ́ láti 1586 títí di 1635, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì tàn dé London lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò. Ìṣirò ni wọ́n ń fi í ṣe. Ọ̀gá mi fa ìlà sórí pépà, wọ́n kó bọ́tìnì lé e dípò idẹ. Ìlà ìsàlẹ̀ jẹ́ 1, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 10, òkè rẹ̀ jẹ́ 100. Àlàfo àárín wọn jẹ́ 5 àti 50. Bọ́tìnì márùn-ún péré la fi kọ 67: ọ̀kan ní àlàfo 50, ọ̀kan lórí 10, ọ̀kan ní àlàfo 5, méjì lórí 1. Owó ẹyọ ní iye tirẹ̀ níbikíbi tó bá wà. Ibi tí idẹ yìí bá jókòó sí ló ń sọ iye rẹ̀. Nígbà tí àwọn oníṣòwò gba kíkọ ìṣirò sórí pépà tán, pátákó tí wọ́n ń fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ sí kógbá sílé.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá rí irú idẹ yìí, èló ni wọ́n ń tà á ni wọ́n máa ń bèèrè. Iye tí wọ́n ń tà á kò tó nǹkan. Èyí tó níyelórí ni ibi tí a ti rí i, torí òun ló ń fi hàn wá ibi tí àwọn èèyàn ti jókòó ṣírò ọjà. Nítorí náà, kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí kọ ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá rí i gan-an, pẹ̀lú ìwọ̀n àti ìdábùú rẹ̀, kó tó wá orúkọ fún un.