Láti Lẹ́kkí dé Ajah: Ajá olówó ń wá ibi tó máa ti sáré

Ajah tí wọ́n ń wí yìí, ìlú ni o, kì í ṣe ajá tó ń gbó. Àmọ́ ajá gidi pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá gba àwọn ẹ̀sítéètì Lẹ́kkí kọjá láàárọ̀ kùtù, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, yóò rí àwọn máígádì tí ajá ń wọ́ lọ. Ẹ kà á dáadáa o, ajá ló ń wọ́ máígádì! Rottweiler, Boerboel àti Caucasian tó ga tó ọmọ màlúù ni wọ́n fi ṣéènì dè mọ́ ọwọ́ ẹni tó jẹ́ pé owó oúnjẹ ajá ọ̀hún lè ju tiẹ̀ lọ.

Láyé àtijọ́, ajá kì í wá ibi tó máa ti sáré. Ọdẹ ń mú un lọ sígbó, àwọn ará ilé a sì tún fi òwe sọ ọ́ lórúkọ, kí wọ́n lè fi bá aládùúgbò wí láìjà. Ní Lẹ́kkí tó ti di ògiri àti síméńtì, inú kéèjì ni ọ̀pọ̀ wọn ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Bẹ́ẹ̀, ajá tí kò rí ibi sáré kì í pẹ́ ya oníjàgídíjàgan.

Àwọn kan ń kó tiwọn lọ sétíkun, àmọ́ etíkun náà ń dín kù. Lọ́dún 2024 tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà Èkó sí Calabar tó gba etí òkun, wọ́n wó ilé ìgbafẹ́ níbẹ̀, Landmark náà fara gbá a. Lekki Conservation Centre tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990 ńkọ́? Hẹ́kítà 78 ni, ṣùgbọ́n ti ọ̀bọ, ọ̀nì àti ẹyẹ nibẹ̀.

Ní Berkeley, ní California lÁmẹ́ríkà, láti 1979 ni Ohlone Dog Park ti wà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì gbà pé òun ni àkọ́kọ́ irú ẹ̀. Irú páàkì bẹ́ẹ̀ kò le ṣe: ọgbà yí i ká, géètì méjì tẹ̀léra kí ajá má baà sá jáde, kéékèèké lọ́tọ̀, ńláńlá lọ́tọ̀. Ẹni tó ni ajá ló máa kó ìgbẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan á ní, èèyàn ńkọ́? Òótọ́ ni. Lóṣù keje 1990 tí ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó wó Maroko, nǹkan bí 300,000 èèyàn ló di aláìnílé. Níbi tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, kò rọrùn láti bèèrè ilẹ̀ fún ajá.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kan èèyàn ju ajá lọ. Ajá tí kò ní ọgbà, ojú títì tí ọmọ iléèwé ń gbà ló máa ń já sí. Àjọ ìlera àgbáyé ní nǹkan bí 59,000 èèyàn ni àrùn dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún, ajá ló sì ń kó o ran 99 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Tó bá ti hàn lára, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìwòsàn. Ẹni tí ajá bá gé jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kó sì sáré lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́sibítù. Kó má dúró de àgbo rárá.

Ẹ̀sítéètì tó bá ní ilẹ̀ tó ṣófo lè bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn tó ni ajá dáwó ọgbà, kí ajá tí kò bá ní káàdì abẹ́rẹ́ má sì wọlé. Ẹni tó rówó ra Boerboel kò gbọ́dọ̀ ṣahun abẹ́rẹ́. Kó tó dìgbà náà, ẹ di okùn mú o.