Mọ́tò olówó ńlá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, mọ́tò àyálò ni àbúrò mi fi wá pàdé mi: ohun tójú mi rí ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n ròyìn ìrìnàjò mi sí Ìlú Ọba fún yín. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni mo lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo sì lò níbẹ̀. Kí n tóó kúrò n'Ìbàdàn ni àbúrò mi ti fi fọ́tò mọ́tò tuntun tó rà ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Mọ́tò dúdú ni, ó ń dán bíi dígí, inú ẹ̀ fẹ̀ bíi pálọ̀, kì í sì í mu epo rárá. Iná mànàmáná ló ń lò, wọ́n máa ń ṣáàjì ẹ̀ bí ẹni ṣáàjì fóònù ni. Kò sẹ́ni tí mi ò fi fọ́tò náà hàn ládùúgbò wa. Mo ní ohun tó ń bọ̀ wá gbé mi ní eapọ́ọ̀tù nìyẹn.

Àṣé n ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nígbà tí mo jáde ní Heathrow, àpò ńlá méjì ló wà lọ́wọ́ mi, gàrí àti èlùbọ́ ló kún inú wọn. Àbúrò mi kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó gba àpò, ó ń lọ níwájú, èmi náà ń tẹ̀ lé e. Ibi mọ́tò pupa kékeré kan ló dúró sí, ohun tí èèyàn mẹ́rin máa wọ̀ tí wọ́n á máa fi orúnkún gbá ara wọn. Mo ní, "Ibo ni mọ́tò ọ̀hún wà?" Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé ná." Àpò kan wọ bùútù, ìkejì kò wọ̀ ọ́, bí mo ṣe gbé èlùbọ́ lé itan bí ọmọ ọwọ́ nìyẹn.

Orí ọ̀nà M25 ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ là á yé mi. M25 yìí ni ọ̀nà ńlá tó yí Lọ́ńdọ̀nù ká bí ìgbànú, bíi 117 máìlì ni gbogbo ẹ̀, ọdún 1986 ni wọ́n parí ẹ̀. Ó ní oṣù kẹrin lòun ra mọ́tò náà, nígbà tó di àárín oṣù keje, àárọ̀ ọjọ́ kan ló kọ̀ tí kò lọ mọ́. Iná pupa tàn lójú dáṣíbọọ̀dù, ó ní kóun dúró síbi tí kò léwu. Ọkọ̀ agbémọ́tò ló wá gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó tà á fún un, ní ìlú kan ní Kent. Ọ̀sẹ̀ méje ti kọjá báyìí, mọ́tò ò dé. Mọ́tò pupa yìí ni wọ́n ní kó máa lò ná. Wọ́n ń pè é ní kọ́tẹ́sì kàá, ìyẹn mọ́tò ọmọlúàbí, tí wọ́n fi ń tu oníbàárà nínú.

N ni mo bá bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ìlú òyìnbó yìí mà yàtọ̀ o! Nílé lọ́hùn-ún, bí mọ́tò ẹ bá wọ ọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ta ló máa yá ẹ ní mọ́tò? Dánfó tàbí ọ̀kadà lo máa wọ̀. Bó bá wá di Sátidé, ẹ máa gbọ́ pé wọ́n rí mọ́tò yín níbi ìnáwó, mẹkáníìkì ló wà á lọ, ó tún gbé ọ̀rẹ́ mẹ́ta. Tiwa, mẹkáníìkì ló ń gun mọ́tò oníbàárà. Tiwọn, oníbàárà ló ń gun mọ́tò mẹkáníìkì. Àbúrò mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ò tíì mọ ohun tó wà nídìí ẹ̀."

Thamesmead ló ń gbé, lápá ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, létí odò Thames. Ilẹ̀ àbàtà ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, láàárín ọdún 1960 sí 1969 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé sí i. Lónìí, bẹ́ ẹ bá dúró síbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀, Yorùbá tẹ́ ẹ máa gbọ́ kò ní í kéré. Iwájú ilé àbúrò mi ni wọ́n kan ṣájà mọ́ ara ògiri, ti kílówáàtì 7. Alaalẹ́ ló máa ń ki wáyà ẹ̀ bọ mọ́tò, ilẹ̀ á mọ́, iná á ti kún. Nígbà tí mo débẹ̀, aláǹtakùn ti ta okùn sí i lára. Mọ́tò pupa, epo ló ń mu, nǹkan bíi £50 ló ń bá a lọ lọ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀, £780 tó ń san lóṣooṣù lórí mọ́tò tó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ò dúró ọjọ́ kan.

Èyí tó wá dùn ún jù ni ti Màmá wa. Ẹni ọdún 79 ni wọ́n, orúnkún ń dà wọ́n láàmú, àga onítáyà la fi ń tì wọ́n bí ọ̀nà bá jìn. Tìtorí wọn gan-an ló ṣe ra mọ́tò ńlá yẹn, kí ẹsẹ̀ wọn lè nà, kí àga wọn lè wọ bùútù. Ìyàwó ẹ̀ ló sì máa ń gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ìwé tí àbúrò mi fọwọ́ sí lórí mọ́tò àyálò sọ pé òun nìkan ló gbọ́dọ̀ wà á. Bí ìyàwó bá jókòó sídìí sitiarín-ìn, inṣọ́ránsì ò sí níbẹ̀ nìyẹn. Bí mọ́tò bá ha, £1,000 àkọ́kọ́ tọ́rùn ẹ̀ ni. Bí epo ṣe wà nínú ẹ̀ nígbà tó gbà á, bẹ́ẹ̀ náà ló gbọ́dọ̀ wà nígbà tó bá dá a padà. Wọ́n ti ya fọ́tò gbogbo ara ẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbà ò kúkú parọ́, wọ́n ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Ilé ìwòsàn náà tún wà láàárín ìgboro, níbi tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ onímọ́tò kó tó wọlé. Ọdún 2003 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ owó yìí, £15 lójúmọ́ ni nígbà tí mo wà níbẹ̀. Mọ́tò oníná ò ń san án nígbà náà, ọjọ́ 25, oṣù Kejìlá, ọdún 2025 ni àǹfààní yẹn tó dópin. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí Màmá bá fẹ́ rí dókítà, àbúrò mi á gbàyè níbi iṣẹ́, á san £15, á tún ká àga Màmá mọ́ ẹ̀yìn, níbi tó yẹ kí èèyàn jókòó sí.

Lọ́jọ́ Tusidé ọ̀sẹ̀ kejì, mo ní kó mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì yẹn. Ọ̀nà A2 la gbà. Ọ̀nà àtijọ́ gbáà ni, àwọn ará Róòmù ti tọ ojú ọ̀nà yẹn láyé ìgbà tiwọn, òun náà ló wọ ìgboro tó di Old Kent Road. Ibi tá a dé, ẹ máa rò pé báǹkì ni. Ilẹ̀ ń dán, wọ́n gbé kọfí fún wa, wọ́n ń pe àbúrò mi ní "sà." Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká rí mọ́tò. Ọ̀gá mẹkáníìkì kan mú wa dé ẹnu ilẹ̀kùn onídígí.

Ó wà lókè lórí jáàkì, wọ́n ta ṣéènì yí i ká, wọ́n gbé àkọlé ewu sí i. Abẹ́ ẹsẹ̀ ni bátìrì ẹ̀ wà, ó fẹ̀ bíi bẹ́ẹ̀dì, ó wúwo ju 500 kílò lọ. Wáyà ńláńlá tó ní àwọ̀ ọsàn ló jáde lára ẹ̀. Ọkùnrin náà ní àwọ̀ yẹn ni ìkìlọ̀: fóltì 400 ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ti inú ilé wa ò ju bíi 230 lọ, ó sì ń pààyàn. Ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀, tó gbàwé ẹ̀, ló lè fọwọ́ kàn án. Wọ́n á kọ́kọ́ já iná, wọ́n á dúró, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí iná mọ́, kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tì kan. Ó ní àwọn méjì péré ló gbàwé ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, mọ́tò tó sì ń dúró dè wọ́n pọ̀. Páàtì tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀, òkè òkun ló ti ń bọ̀. Kò purọ́ fún wa, ṣùgbọ́n kò lè dájọ́.

Ẹ gbọ́ ibi tọ́rọ̀ ti wá dójú ẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ṣèpàdé ní gbọ̀ngàn kan nítòsí Old Kent Road. Àdúgbò yìí wà lára ilẹ̀ tówó wọn kéré jù nínú ayò Monopoly ti Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n bó bá di Sọ́ńdè, aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ kì í ṣe tẹni tí ò lówó. Bá a ṣe ń dé bọ̀, àbúrò mi ò dúró níwájú gbọ̀ngàn, àdúgbò kejì ló lọ há mọ́tò sí. Ó ní ká rìn. Mo ní, "Kí Màmá rìn kẹ̀?" Ó wolẹ̀. Ó wá sọ fún mi pé wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri pé báǹkì ti gba mọ́tò lọ́wọ́ òun, pé apá òun ò ká gbèsè. Ọkùnrin kan tiẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú òun nípàdé tó kọjá.

Màmá gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, mọ́tò tó gbé mi dọ́dọ̀ dókítà lẹ́ẹ̀mẹta lò ń fi pamọ́ bí ẹrù olè? Ta ló bá ẹ san án? Wà á padà síwájú wọn jàre." Kẹ́kẹ́ pa. Ó yí mọ́tò padà, ó gúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, gbogbo wa jáde lójú ayé. Ọkùnrin ẹlẹ́yà yẹn gan-an ló wá bá wa tú àga Màmá.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn la jókòó ti ìwé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní èèyàn lọ́hùn-ún, ẹ bá mi sọ fún wọn. Kò sófin tó ní dandan ni kí wọ́n yáni ní mọ́tò, ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn la máa wò. Ṣùgbọ́n òfin Consumer Rights Act ti ọdún 2015 sọ pé bí ọjà bá bàjẹ́ láàárín oṣù mẹ́fà, a óò kà á sí pé àléébù ti wà lára ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti tà á, àfi bí òǹtajà bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àtúnṣe gbọ́dọ̀ parí láàárín àkókò tó bójú mu, láì ni oníbàárà lára jù. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, oníbàárà lè béèrè pé kí wọ́n dín owó kù, tàbí kó dá ọjà padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè yọ owó ìlò tó ti lò ó. Bó bá sì jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ lẹ ń sanwó nípa háyà pọ́ọ̀ṣéèsì, ilé iṣẹ́ tó yáni lówó ló ni mọ́tò, àwọn gan-an lẹ máa kọ̀wé sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n ní láti fèsì. Bí wọn ò bá fèsì, tàbí tí èsì wọn ò tẹ́ni lọ́rùn, ẹ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ Financial Ombudsman Service, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà. Látọjọ́ yìí, tẹlifóònù lásán ni àbúrò mi ń fi ń bẹ̀ wọ́n. Òru yẹn ló kọ lẹ́tà, ó to ọjọ́ sí i, ó to owó epo àti £15 ilé ìwòsàn sí i.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀ wálé, mi ò jẹ́ kó gbé mi. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni rélùwéè Elizabeth line ti ń lọ tààrà láti Abbey Wood, nítòsí ilé ẹ̀, dé Heathrow, ẹ ò ní í sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà. Inú ẹ̀ tutù, ẹsẹ̀ mi nà.

Àárín oṣù kẹwàá ni mọ́tò dúdú padà wálé, ọ̀sẹ̀ kẹtàlá nìyẹn. Ní oṣù kọkànlá, àwọn tó yá a lówó dá owó oṣù méjì padà fún un, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Ó tún fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Lọ́tẹ̀ yìí, Màmá ló jókòó níwájú, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mi ò fi han ará àdúgbò kankan. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ gùn ún fún ọdún kan ná.